Tébù MEMORY ti MySQL àbí Redis: ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó RAM

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó dátà sínú RAM kí iṣẹ́ lè yá, ẹ má tíì sanwó sáfà ńlá. Mo lo tébù MEMORY (tébù dátábéèsì MySQL tó ń gbé inú RAM) fún ọdún méjì, Redis (ètò mìíràn tó ń kó dátà sínú RAM) ni mò ń lò báyìí. Pé méjèèjì yára, gbogbo wa la mọ̀. Ibi tí owó ti ń jò ni kí á wò.

Tébù MEMORY kì í wo bí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sínú rẹ̀ ṣe gùn tó. Bí ẹ bá ṣe fẹ kọ́lọ́ọ̀mù tó ló ṣe máa ń gé àyè fún gbogbo ìlà. VARCHAR(255) (kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ tó lè gba lẹ́tà 255) ni mo kọ fún nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà, torí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa ń kọ ọ́ nínú InnoDB (irú tébù tí MySQL ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn) tí kò sì dá nǹkan kan sílẹ̀. Díjíìtì 11 ni nọ́ńbà wa. Ṣùgbọ́n lórí utf8mb4 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba gbogbo èdè), báìtì 4 ni ó ń ya sọ́tọ̀ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: 255 di 1,020, ẹ fi 2 kún un fún gígùn rẹ̀. Báìtì 1,022 nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo! Bí ẹ kò bá sì fọwọ́ kan max_heap_table_size (òpin ìtóbi tébù MEMORY), 16MB ni. Tébù mi kò tó ìlà 16,500 tó fi kígbe pé The table is full. Mo gbé ìwọ̀n náà sókè, mo ń ra RAM lé RAM, owó dọ́là ni, oṣù mẹ́ta gbáko. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ di VARCHAR(15) lórí ascii (báìtì kan fún lẹ́tà kan), báìtì 16 ló kù.

Nọ́ńbà fóònù ṣeé gé, àdírẹ́sì ńkọ́? Ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹlòmíì á kọ “lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé alájà méjì tó ní géètì aláwọ̀ ewé, ẹ bèèrè ìyá eléwé”. Ẹni tó kọ mẹ́ta á gba àyè ẹni tó kọ ogún. Láti 5.5 ni Percona Server (ẹ̀dà MySQL mìíràn) ti ní MEMORY tó lè yẹra fún èyí.

Redis ń fún ọ̀rọ̀ láyè bó ṣe gùn mọ. Kọ́kọ́rọ́ (orúkọ tí ẹ fi ń pe dátà) kọ̀ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè fi àṣẹ MEMORY USAGE wo iye báìtì tó gbà. Ẹ rí i pé ẹ fi maxmemory (òpin RAM tí Redis lè lò fún dátà) sí i, torí kò ní òpin lórí ẹ̀rọ 64-bit bí ẹ kò bá fi sí i, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún BGSAVE (àṣẹ tó ń tọ́jú dátà sórí dísíìkì, tó lè gba RAM kún un). Bí mem_fragmentation_ratio (ìwọ̀n RAM tó fọ́n káàkiri tó ń ṣòfò) bá ń gòkè, activedefrag tó ń tò ó pa pọ̀ wà láti Redis 4.0.

Ìyókù: MEMORY ní JOIN (síso tébù pọ̀ nínú ìbéèrè kan), Redis kò ní. MEMORY kì í gba TEXT (kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ gígùn). Bí sáfà bá kú, tébù MEMORY á ṣófo. Redis ní RDB àti AOF (ọ̀nà méjì tó fi ń tọ́jú dátà sórí dísíìkì).

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà lásán ni dátà yín, tí ẹ sì nílò JOIN, ẹ mú MEMORY. Mo ṣì ní ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì àti session (àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé sórí sáìtì) ti wà nínú Redis, lórí sáfà 2GB. 8GB ni mò ń sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.