Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láì tan mọ́tò: bí ṣájà CTEK MXS 5.0 ṣe tọ́jú bátìrì mi

Mọ́tò tí mò ń sọ yìí kì í ṣe mọ́tò tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Mazda MX-5 ọdún 2008 ni, ìjókòó méjì péré, òrùlé aláṣọ tí èèyàn lè ká sẹ́yìn bí oòrùn bá yọ. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń gbé e jáde, tí a ó jọ gba ọ̀nà Kent lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, tí ẹ sì máa ń lọ sílé lóṣù Kejìlá, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín kọ èyí.

Lọ́dún kan, mo lọ sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo gbé mọ́tò sí gáréèjì, mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè bí mo ṣe máa ń ṣe, mo tilẹ̀kùn, ó di pápá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí mo dé, mo tẹ kọ́kọ́rọ́, kò fọhùn. Mo fi ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn, iná inú rẹ̀ ò tàn. Mo gbé mítà sórí bátìrì, ó kà 9 àti díẹ̀. Bátìrì tó kún kì í wálẹ̀ ju fólìtì 12.6 lọ, tó bá ti wọ 12 wálẹ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ mẹkáníìkì ládùúgbò wa fi wáyà so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ tirẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ní kí n sún, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ò yí. Bíréèkì ti lẹ̀ mọ́ irin. Ìgbà tó máa já, ó dún gbà! bí ìgbà tí igi dá, ọkàn mi fò. Lọ́jọ́ kẹta, bátìrì tún kú.

Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n ní, "Àbúrò, bátìrì yìí ti lọ. Ebi lo fi pa á."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí òótọ́ ni. Èrò mi ni pé mọ́tò tí a bá ti pa ti sùn nìyẹn. Kì í sùn. Alámù ń ṣọ́ ilé, ibi tó ń gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́ ń dẹtí, aago ń lọ. Mo wá fi mítà wọn ohun tí tèmi ń fà nígbà tó bá wà ní pípa: bí mílíáńpì 30. Ó kéré létí. Ṣùgbọ́n ẹ fi wákàtí 24 sọ ọ́ di púpọ̀, áńpì-wákàtí 0.72 ni lóòjọ́. Fún ọjọ́ 35 tí mo fi lọ, ó ti lé ní 25. Bátìrì mi ò sì ju 45 lọ nígbà tó wà ní tuntun, kí òtútù tó bù lára rẹ̀. Bó bá gbẹ tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun kan máa ń le mọ́ òjé inú rẹ̀, iná kì í wọlé dáadáa mọ́ láéláé.

Bí mo ṣe ra CTEK nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Sweden ló ń ṣe é. Kò tóbi ju bàtà ọmọdé lọ. Wáyà kan wà nínú páálí rẹ̀ tó ní òrùka irin méjì lórí. Mo tú nọ́ọ̀tì orí bátìrì, mo fi òrùka pupa sí pọ́sítífù, dúdú sí nẹ́gátífù, mo dì wọ́n pa. Wáyà yẹn ò kúrò lára mọ́tò mọ́. Bí mo bá ti fẹ́ rìnrìn àjò, mo kàn máa fi ẹnu ṣájà bọ ẹnu wáyà náà, ó parí. Bọ́tìnnì kan ló wà lójú rẹ̀: àwòrán alùpùpù fún bátìrì kékeré, àwòrán mọ́tò fún irú tiwa. Iná mẹ́jọ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń tàn ní ìpele-ìpele bí bátìrì ṣe ń kún. Bó bá ti kún, kì í máa da iná lé e lórí bíi ṣájà àtijọ́ tó máa ń sè é. Á dín iná kù, á máa wò ó, tó bá ti rẹ̀ díẹ̀ á tún fi díẹ̀ kún un. Fún oṣù mélòó kan, o ò ní fọwọ́ kàn án. Bí èèyàn bá sì ṣèèṣì fi pupa síbi dúdú, iná ìkìlọ̀ á tàn, kò ní jóná.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lọ lẹ́yìn ìyẹn. Láàárín rẹ̀, àbúrò ìyàwó mi yà wò ó, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: inú òkùnkùn gáréèjì, iná tínńtín aláwọ̀ ewé kan ń tàn níwájú mọ́tò. Mo fi han màmá mi. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí ọmọ tí mo fi sílẹ̀ ná.

Mo dé láàárín oṣù Kìíní, yìnyín bo ìta. Mítà kà 12.8. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn.

Kì í ṣe ṣájà nìkan ló ṣe é o. Mo fọ mọ́tò, mo sì wà á káàkiri kí bíréèkì gbẹ kí n tó gbé e wọlé. Mo fi í sínú gíà, mo fi igi di táyà, n ò fọwọ́ kan bíréèkì ọwọ́ rárá. Táyà tó máa ń gba atẹ́gùn PSI 29, mo fún un ní 38 kó má baà tẹ́ sójú kan. Mo rọ epo E5 kún tánkì, ìyẹn pẹtiróòlù tí ọtí (ẹtanólì) inú rẹ̀ kéré, torí ọtí inú E10 pọ̀ ju tirẹ̀ lọ, ọtí sì máa ń fa omi. Òrùlé rẹ̀ gbẹ kí n tó tì í, kó má hu. Ẹ má sì bẹ ẹnikẹ́ni kó máa wá tan án ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Iná tí sítáàtà bá jẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún ò lè dá a padà, omi á sì kó sínú sàlẹ́ńsà.

Ibi tó kù sí ni pé ó fẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì nítòsí. Tèmi jìnnà, mo ra wáyà gígùn, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó má gbóná níbi tó ká jọ. Bátìrì tó ti kú pátápátá, ṣájà yìí ò ní jí i. Ẹni tó ń páàkì sójú títì ò lè lò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi sípánà 10 tú orí nẹ́gátífù sílẹ̀, ṣùgbọ́n alámù ò ní ké mọ́ nìyẹn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ pe àwọn onínṣọ́ránsì yín, kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ kí ẹ tó gbéra.