Glaucus atlanticus àbí Glaucus marginatus: báwo la ṣe ń mọ èyí tó wà nínú fọ́tò?
Ìgbín òkun aláwọ̀ búlúù tí kò ní ìkarahun ni àwọn méjèèjì. Ìgbì a máa gbé wọn wá sí etíkun Ọsirélíà. Ẹ wo àwọn ìka tó yọ lára wọn dáadáa. Ti atlanticus tò ní ìlà kan ṣoṣo, atlanticus fúnra rẹ̀ sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ti marginatus ṣù jọ, ó tò léra. Ìka yìí ni mo gbára lé ju gígùn lọ, torí ọmọ atlanticus náà kéré bíi marginatus.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ohun tí a ń pè ní marginatus ju ẹ̀yà kan lọ nínú òkun Pàsífíìkì. Inú ara ni ìyàtọ̀ àwọn ẹ̀yà yìí wà. Fọ́tò kò lè débẹ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán gbé e o, ó máa ń ta!