Ìfitónilétí inú Django: bí mo ṣe tún un ṣe fún àwọn aláṣọ Balógun

Ẹni tó bá ń fi Django (irinṣẹ́ èdè Python) kọ ètò orí wẹ́ẹ̀bù, kó má wulẹ̀ lọ wá nǹkan mìíràn kún un torí ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń yọ lẹ́yìn tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì. Ti inú rẹ̀, `django.contrib.messages`, ti wà láti ẹ̀dà 1.2 lọ́dún 2010, ó sì gba àtúnṣe dáadáa. Mo ń lò ó nínú ètò ìṣirò ọjà tí mo kọ fún àwọn tó ń ta áńkárá ní Balógun. Yaba ni mo jókòó sí ń kọ ọ́, Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti ń lò ó, láàárín ariwo, tí oníbàárà ń ná ọjà níwájú wọn.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń da èèyàn láàmú. Bootstrap, irinṣẹ́ tó ń fún ojú ewé ní àwọ̀ àti ìrísí, kò mọ `error` tí Django fi ń pe àṣìṣe, `danger` ló mọ̀, torí náà ọ̀rọ̀ àṣìṣe á jáde láìpọ́n rárá. Ìlà kan nínú `MESSAGE_TAGS`, ibi tí a ti ń yí orúkọ irú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan padà, ló yanjú ẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ owó ni mo pẹ́ sí. Django kì í ka ìṣẹ́jú àáyá o. Bí template (fáìlì tó ń to ojú ewé) bá ti gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó ti pa á rẹ́ kúrò níbi tó tọ́jú ẹ̀ sí. Bó ṣe máa pẹ́ tó lójú fóònù, ọwọ́ JavaScript yín (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú bráúsà) ló kù sí. Mo fi `extra_tags` sàmì sí èyí tó bá kan owó, kò sì ní lọ àfi bí ẹni tó ni ọjà bá fọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Àwọn yòókù, irú "Ẹ kú ọjà o, yáàdì mẹ́fà ti wọlé," ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Mo tún yí `MESSAGE_STORAGE`, tó ń sọ ibi tí Django máa tọ́jú ọ̀rọ̀ sí, sí `SessionStorage`. Kúkì, àkọsílẹ̀ kékeré inú bráúsà, ni Django kọ́kọ́ máa ń lò, kúkì sì gbọ́dọ̀ bá èsì dé orí fóònù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójú ọ̀nà (Èkó la wà), ọ̀rọ̀ yẹn ti bá a lọ. Session ní tirẹ̀, àkọsílẹ̀ nípa ẹni tó ń lo ètò náà, wà lórí server, á dúró dè wọ́n.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: ìwé ìtọ́nisọ́nà Django fúnra rẹ̀ sọ pé bí ojú ewé méjì bá ń ṣí pọ̀ nínú bráúsà kan, ọ̀rọ̀ ti èyí lè lọ yọ lójú tọ̀hún. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ tó jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan lè ka ti ara wọn. Nítorí náà, "A ti gbà á" nìkan ò tó. Mo máa ń kọ orúkọ aṣọ àti iye owó sínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. `SuccessMessageMixin`, kóòdù tí Django ti ṣe sílẹ̀, ń mú wọn láti inú fọ́ọ̀mù tààrà, kò gba wàhálà.

Bí owó bá sì wọ báǹkì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan, messages ò lè pe ìyá aláṣọ wá wò ó, ó di ìgbà tí ojú ewé mìíràn bá ṣí. Channels, àfikún Django tó ń jẹ́ kí server fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìdúró de ẹni tó máa tẹ nǹkan, ló lè ṣe ìyẹn, àwọn oníbàárà mi ò sì tíì béèrè rẹ̀.