ÌKÌLỌ̀: Okùn aago "tó wọ gbogbo rẹ̀" tí wọ́n ń tà fún aago oníṣéènì àmọ́ra

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá okùn olówó pọ́ọ́kú fún Royal Oak, Nautilus, PRX ti Tissot àti àwọn aago ẹgbẹ́ wọn, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó. Irú ìpolówó kan wà tí àwòrán rẹ̀ ń dán, tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan lọ, tó ń sọ pé okùn kan ṣoṣo yóò wọ gbogbo aago tí wọ́n ṣe ṣéènì mọ́ lára. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó bá kọ irú rẹ̀ sára ọjà, bóyá kò mọ ohun tó ń tà, bóyá ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, owó yín ló ń wá. Bó bá ṣe owó okùn nìkan ni, ẹ̀dùn rẹ̀ ì bá mọ níwọ̀n. Ara aago gan-an ni irú okùn yìí máa ń bà jẹ́.

Aago lásán ní etí méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ọ̀pá sípíríǹgì ló sì ń di okùn mú láàárín wọn. Bí àlàfo náà bá jẹ́ mìlímítà 20, okùn 20 èyíkéyìí yóò wọ̀ ọ́. Aago oníṣéènì àmọ́ra kò rí bẹ́ẹ̀. Gérald Genta ló ya Royal Oak tí Audemars Piguet (AP) gbé jáde ní 1972, òun náà ló ya Nautilus tí Patek Philippe gbé jáde ní 1976. Ẹwà irú aago bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ kò ní mọ ibi tí ara aago parí sí kí ṣéènì tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló gbẹ́ ojú ìsopọ̀ tirẹ̀: ti òmíràn ní ahọ́n tó yọ síta láàárín, ti òmíràn ní kòtò tí okùn yóò ki ẹnu bọ̀.

Kódà ọmọ ìyá kan náà kì í bára mu. Okùn PRX 40 (40 ni fífẹ̀ ara aago ní mìlímítà), tí kòtò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, kò wọ PRX 35. Ti Royal Oak 41 kò wọ 37. Overseas tí Vacheron Constantin gbé jáde ní 2016 ní okùn tí à ń tẹ̀ lẹ́yìn kó tó yọ, láìsí irinṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá ń ta okùn onísíkúrù fún un kò tíì di aago náà mú rí. Santos ti Cartier náà yí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ padà ní 2018, okùn Santos 100 tó ṣáájú rẹ̀ kò sì ṣeé fi rọ́pò níbẹ̀. Nítorí èyí, ohun tí olùtajà gidi yóò kọ́kọ́ bi yín ni nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì aago yín. Ẹni tí kò bá béèrè, tó kàn ní "ẹ sanwó, yóò wọ̀ ọ́", ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má gba àwòrán orí ìpolówó gbọ́, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ojúlówó. Ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò ẹnu okùn náà fún yín nítòsí, kí kálípà, irinṣẹ́ tó ń wọn fífẹ̀, wà lára rẹ̀, kí bébà tí ó fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń fi òní dọ́la, ọjà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àwọn tó máa ń sọ pé kí ẹ fi ìdè (irin tí a fi ń pa okùn dé) tàbí ṣéènì ojúlówó yín ránṣẹ́, kí àwọn bá yín so ó mọ́ okùn tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ṣéènì ojúlówó Royal Oak tàbí Nautilus níye lórí ju ọ̀pọ̀ okùn rọ́bà lọ. Òun gan-an ni wọ́n ń dọdẹ.

Lórí ohun tí wọ́n fi ṣe okùn, jìbìtì pọ̀ bí iyanrìn. Wọ́n á kọ "rọ́bà FKM", wọ́n á fi sílíkónì ránṣẹ́. FKM, rọ́bà àtọwọ́dá tó ní fúlúórínì nínú, wúwo lọ́wọ́, òógùn àti ìpara kì í tètè ṣe é ní nǹkan. Sílíkónì ń fa eruku àti fọ́nrán aṣọ mọ́ra, ó sì máa ń ya lójú ihò ọ̀pá, níbi tó ti fẹ́lẹ́ jù. Àwọn kan ní kí ẹ jù ú sómi, pé bó bá ti rì, FKM ni. Àyẹ̀wò yẹn kò wúlò, sílíkónì náà ń rì.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ yọ ìdè àti ọ̀pá kúrò kó ku rọ́bà nìkan, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n kan náà, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so okùn náà rọ̀, kí ẹ rì í bọmi pátápátá láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife, kí ẹ sì gbọn afẹ́fẹ́ tó há sára rẹ̀ dànù. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà nísinsìnyí ni kí ẹ fi pín iye àkọ́kọ́. Bí okùn bá wọn gíráàmù 27, tí ti inú omi sì jẹ́ 15, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.8: bí FKM ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ó bá wọn 18, tí ti inú omi jẹ́ 15, èsì rẹ̀ jẹ́ 1.2: sílíkónì tàbí rọ́bà lásán ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ya fọ́tò òṣùwọ̀n nígbà méjèèjì. Àmọ́ bí irin bá wà nínú ẹnu okùn náà, ẹ má lo àyẹ̀wò yìí, irin yẹn yóò gbé èsì rẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ ti okùn awọ kò gùn. Bí wọ́n bá ní awọ ọ̀nì ni, ẹ wo àwọn ìpẹ́ rẹ̀. Ìpẹ́ ọ̀nì gidi kì í jọra wọn. Bí ẹ bá rí àpẹẹrẹ kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, awọ màlúù tí wọ́n tẹ̀ ní òǹtẹ̀ ni.

Bí okùn bá ti dé, ẹ má tíì fi síkúrù kankan dè é. Ẹ fi ọwọ́ lásán ki ẹnu rẹ̀ sí ojú ìsopọ̀. Ẹ gé bébà ìtẹ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́. Ìpele kan rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Bí ìpele mẹ́ta bá wọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ láìfipá, ní tèmi, kí ẹ dá a padà ni. Okùn tó ń mì níbẹ̀ yóò máa lu ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ju ọwọ́, ihò yóò máa fẹ̀, síkúrù yóò máa tú díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan aago yóò já bọ́. Èyí tó fún jù kò sàn jù ú lọ, torí ihò okùn kò ní dọ́gba mọ́ ihò ara aago, síkúrù yóò sì wọlé ní ẹ̀gbẹ́.

Síkúrù tó wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ló ń ba eyín (ìlà tí síkúrù ń bá yí wọlé) inú ara aago jẹ́, àtúnṣe ìyẹn sì lè gba owó okùn mẹ́wàá. Bí wọ́n bá fi síkúrù sínú àpò kékeré pẹ̀lú okùn, ẹ gbé e kọ́ ti aago yín, eyín sí eyín, kí ẹ nà án sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín eyín wọn, wọn kì í ṣe ọ̀kan; ẹ má lò ó. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ara aago yípo kó má baà họ. Kí ẹnu síkúrùdíráfà fẹ̀ tó ojú ìlà síkúrù gan-an, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Bí ọ̀pá náà bá ní síkúrù lójú méjèèjì, ọwọ́ kan yóò di ẹ̀gbẹ́ kan mú kí ìkejì tó yí i. Nígbà tí ẹ bá ń dá síkúrù padà sínú ihò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́" tí síkúrù yóò sì rì díẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yí i síwájú. Bó bá kọ̀ láti tú, ó lè jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún aláàgo.

Ìdè tí wọ́n tẹ orúkọ Patek tàbí AP sí ní owó yẹpẹrẹ, ayédèrú ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́nà, owó yín á sì wọmi.

Ní ti owó sísan, bí wọ́n bá ní kí ẹ san án lórí PayPal, ìkànnì ìsanwó, ní "Friends and Family" (ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí) kí owó lè dín, ẹ kọ̀ jálẹ̀, torí ààbò olùrà kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọjà gidi ni ẹ gbà, ọjọ́ 180 lẹ ní láti fẹjọ́ sùn. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé "ẹ ní sùúrù, ó wà lójú ọ̀nà". Ọgbọ́n wọn mìíràn ni kí wọ́n fi àpòòwé òfìfo ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn nínú ìlú yín, kí nọ́ńbà ìtọpinpin lè kà pé ẹrù ti dé. Ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ tó gbé e, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù náà àti àdírẹ́sì tí wọ́n já a sí fún yín sórí ìwé. Àpòòwé gíráàmù 10 kò lè gbé okùn gíráàmù 27. Bí ẹrù bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ má tẹ "mo ti gbà á" títí ẹ ó fi ki ẹnu okùn náà sí ara aago.