Oníbodè tàbí oníàkàrà: àwọ̀ ta ni ànjọ̀nú ajòjìji yín máa gbé wọ̀?

Ànjọ̀nú ajòjìji ni ẹ̀dá inú eré tó ń jẹ òjìji èèyàn, tó sì ń gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀. Bí eré orí tábìlì yín, níbi tí olùdarí ti ń sọ ìtàn tí àwọn òṣèré sì ń kó ipa inú rẹ̀, bá wáyé ní Kétu àtijọ́, oníbodè Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú náà, ló rọrùn jù láti darí. Ẹnu odi ni èrò ń gbà wọlé, oúnjẹ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a. Òrùlé ibodè sì ń bo àṣírí pé òun alára kò ní òjìji. Àmọ́ ta ni kì í fura sí oníbodè? Àwọn òṣèré á tètè mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án gangan, tí òjìji bá kúrú, ebi á pa á, wọ́n á sì rí i mú.

Oníàkàrà alẹ́ gba iṣẹ́ jù: ó nílò ohùn, oníbàárà, àti àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n àṣírí rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó tú. Àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, òjìji oníbàárà gùn lọ sẹ́yìn. Ìyá náà kàn ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọ́ ìdí òjìji náà mọ́ra bó ṣe ń ka ṣéńjì. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn òṣèré lè fẹ́ràn rẹ̀ débi tí wọn ò ní fẹ́ pa á. Èmi ò ka ìyẹn sí àbùkù o.

Eré alẹ́ kan ṣoṣo? Oníbodè. Bó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń pàdé, oníàkàrà. Tọ́mọdé bá wà nídìí tábìlì, ẹ ṣáà mú oníbodè, kí wọ́n lè jẹ àkàrà lọ́la.