Àyẹ̀wò Àpò Òróòro ní Ilé Àyẹ̀wò Kan ní Ìbàdàn

Ìlànà tí ilé àyẹ̀wò náà fún wa lórí fóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yìn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò òróòro ti ń bàjẹ́ kí aláìsàn tó kúrò nílé rárá. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ni dókítà rẹ̀ ní kí ó lọ ṣe sikáànì, nítorí ìrora tí ó máa ń mú un lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún bí ó bá jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá. Ẹni tí ó gbé fóònù ní kí ó má ṣe jẹ ohunkóhun fún wákàtí 8, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe omi òróòro. Àpò kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10, ni ó ń gbà á pamọ́, tí ó sì ń fa omi inú rẹ̀ kúrò kí ó lè ki. Bí ọ̀rá bá ti dé inú ìfun, àpò náà yóò súnkì, yóò sì tú òróòro jáde láti pàdé rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àkàrà mu ẹ̀kọ kí ó tó wá yóò gbé àpò tí ó ti ṣófo, tí ó ti rún, síwájú ẹ̀rọ, kò sì ní rọrùn láti mọ̀ bóyá àìsàn ni ó mú kí ògiri rẹ̀ nípọn tàbí àkàrà.

Dókítà tí ó ṣe sikáànì náà kò kánjú. Ó ní kí àbúrò mi fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì dá èémí dúró kí ẹ̀dọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Òkúta inú àpò sábà máa ń yí bí aláìsàn bá ti yí, ṣùgbọ́n kókó ẹran tí ó hù mọ́ ògiri kì í kúrò lójú kan. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí wa, a sì rí i: òróòro dúdú, òkúta kéékèèké funfun nínú rẹ̀, àti òjìji lẹ́yìn wọn, nítorí ìró tí ẹ̀rọ ń rán wọlé kò lè gba inú òkúta kọjá. Àbúrò mi béèrè ohun tí ó fi òkúta sínú ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀. Ó dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ó ní àrùn yìí kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, nígbà tí ti ẹlòmíràn ń lo nǹkan bíi 120, àti pé bilirubin, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí ó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tí ó fọ́, ni ó ń dì sí òkúta. Ní ibòmíràn, “dókítà yín yóò ṣàlàyé” ni à bá gbọ́.

Àríwísí mi wà lórí ìwé èsì, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí n kò fi dárúkọ wọn. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ nípa òkúta. Wọn kò kọ ohunkóhun nípa ọ̀nà òróòro, èyí tí ó ti inú ẹ̀dọ̀ wá, tí ọ̀nà àpò náà dà pọ̀ mọ́, tí ó sì gba ẹ̀yìn orí pancreas (ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ) lọ sínú ìfun. Òkúta tí ó bá já bọ́ sínú ọ̀nà yìí tí ó sì dí i ni ó ń fa ibà pọ́njú. Fífẹ̀ rẹ̀, tí kì í sábà ju mìlímítà 6 lọ lára àgbàlagbà, yẹ kí ó wà nínú èsì, bákan náà ni ìnípọn ògiri àpò, tí kò yẹ kí ó ju 3 lọ. Dókítà ilé ìwòsàn dá wa padà, ó sì hàn pé wọ́n ti wọn méjèèjì, wọn kò kàn kọ wọ́n sílẹ̀ ni. Wọ́n tún ìwé náà ṣe láìgba owó, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ wa ti lọ.

Iye tí wọ́n ń gbà kò burú. Wọ́n tún sọ òótọ́ fún wa kí a tó sanwó: afẹ́fẹ́ inú ìfun sábà máa ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà òróòro mọ́ sikáànì lójú, MRCP, tí ó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán òróòro fúnra rẹ̀, ni ó ń ríran débẹ̀ dáadáa, àwọn kò sì ní in. Ẹni tí ó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde ni kí ó gba ààyè òwúrọ̀, kí ó sì gbé omi lọ́wọ́, nítorí wọ́n gbà kí ènìyàn mu omi lásán, òùngbẹ pẹ̀lú ebi kò sì dára fún un lórí ìlà tí ó máa ń gùn bí ó bá di ọ̀sán.