Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fi ń ránṣọ lóru

Télọ̀ ni mí, ní Alékúwodò, nílùú Òṣogbo níbí. Bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé, òru ni mo fi ń ránṣọ, rédíò ni mo sì fi ń lé oorun. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ńlá ti sú mi: orin mẹ́wàá kan náà láàárọ̀ lálẹ́, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí á sì máa là á láàárín. Ọmọ iṣẹ́ mi ló yí i síbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga kékeré kan nílùú yìí ti ń ṣe tiwọn. Ẹ má bi mí lórúkọ ilé-ìwé náà, torí mo ní ẹjọ́ wọn í rò. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí.

Ohun tó dá mi dúró ni pé ẹ ò lè mọ orin tó kàn. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí á parí, gìtá lásán á wọlé, ọmọbìnrin kan á máa kọrin bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n gbé Orlando Julius, látinú àwo tó ṣe ní 1966. Bí fèrè rẹ̀ ṣe dákẹ́ ni wọ́n gbé orin tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan gbà sílẹ̀ ní yàrá ọ́sítẹ́ẹ̀lì. Òjò ń rọ̀ sórí páànù nígbà tó ń kọ ọ́, wọn ò yọ ọ́ kúrò. Àfi bí mo ṣe fò dìde nídìí maṣíìnì, mo sáré lọ kó àdìrẹ tí mo sá sẹ́yìnkùlé. Ìràwọ̀ ló kún ojú ọ̀run.

Ẹnu wọn náà ni mo ti gbọ́ pé ilé ọtí Dúró Ládípọ̀ ni wọ́n sọ di Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962, pé ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àwa ará Òṣogbo la yí i sí "ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀". Àti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí!

Atọ́kùn aago mọ́kànlá gbàgbé láti pa maikirofóònù lọ́jọ́ kan. Ṣíbí ń kan kọ́ọ̀bù, ó ń run ẹ̀pà lẹ́nu. Mo pè é: "Ọmọ mi, gàrí yẹn á dùn o." Ó ní, "Yéè! Ẹ jọ̀ọ́ màámi, ẹ má bínú, ebi ló ń pa mí."

Wọn kì í dárúkọ olórin tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ń bí mi nínú. Bí ẹ bá ti kọjá oríta Ọláìyá, ariwo ṣìì ló kù. Lórí fóònù, ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́, okùn rẹ̀ ni fóònù fi ń fa rédíò. Mo tún fún wọn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà kí wọ́n polówó ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ṣi nọ́ńbà kà, baba oníbúrẹ́dì kan ni wọ́n ń pè lórí ọ̀rọ̀ bùbá àti ìró. Ẹni tó ń wá ìròyìn, kó máa gbọ́ OSBC, rédíò ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìdánwò. Rédíò dákẹ́ pa! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Lálẹ́ tí wọ́n padà, orin olójò yẹn ni wọ́n fi ṣí i. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dìde, n ò ní jẹ́ kí wọ́n tún tàn mí jẹ. Òjò gidi sì ni. Àdìrẹ oníbàárà mẹ́ta ló rin gbindin.